Òkúta Tó Kọlà

Lókè Keighley, níbi tí àgùntàn ti ń jẹ òjò mọ́ koríko,
òkúta kan wà tó kọlà.
Kì í ṣe pélé, kì í ṣe àbàjà,
òrùka ni, ọ̀kan nínú ọ̀kan,
bí ìgbà tí ẹnìkan sọ ẹ̀kúrọ́ sínú odò
tí omi náà wá dì síbẹ̀,
tí kò rántí láti tú mọ́.

Ta ló kọ ọ́? Ìyáàfin Winifred Ackroyd ní òun ò mọ̀.
Ọdún mọ́kànlélógún ló ti ń wọ̀n ọ́n,
kò tíì mọ̀.
"Ó tó ẹgbàajì ọdún," ló wí,
ó sì da tíì sínú ìdérí fúláàsì fún mi
bí ẹni pé àná ni.

Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, nílé àwọn arúgbó;
òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni mo fi ń gun òkè.
Baba Clifford ló kọ́kọ́ rán mi,
ẹni tí mo máa ń wẹ̀ fún,
tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè gòkè mọ́:
"Lọ bá mi wò ó, bóyá ó ṣì wà."
Mo ní, Baba, ibo ni òkúta ń lọ?
Ó wò mí títí.
Ó ní, "Ìwọ lọ ná."

Mo lọ. Òkúta wà.
Ṣùgbọ́n ẹnìkan ti da ọ̀dà pupa sí i lójú,
ó kọ orúkọ ara rẹ̀ àti ti ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀,
ọfà wà láàárín.

Ilẹ̀ káńsù ni, ti gbogbo ìlú.
Ẹ̀yin náà mọ̀: ewúrẹ́ àjọni, ebi ní í pa á.
Òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo ni káńsù ní tó ń mójú tó òkè mẹ́rin
àti ibi ìdalẹ̀nù méjì.
Nítorí náà, àwa ni. Àwa mẹ́jọ, nígbà mìíràn márùn-ún:
Winifred; Zubair tó ń wa takisí;
àwọn ìbejì Thackray tí kì í bára wọn sọ̀rọ̀;
èmi, nínú bàtà rọ́bà tí mo yá.
Ọmọbìnrin kan láti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé dúró tì wá
bí ìyá tó gbé ọmọ tuntun fún àlejò wẹ̀.
Omi lásán, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, kò gbọdọ̀ sí ọṣẹ.
Ẹ̀ẹ̀mẹta la lọ kí pupa tó di osùn,
kí osùn tó di nǹkan tí ojú ń wá kiri.

Mò ń fọ ojú òkúta, ojú bàbá mi ni mo rí.
Gọ̀mbọ́ ló kọ. Nígbà tí wọ́n bí mi
ó ní kí wọ́n má fi abẹ kàn mí, ayé ti lajú.
Mo máa ń dúpẹ́ fún un. Lọ́jọ́ náà, n kò mọ̀.
Ẹni bá rí mi lónìí, níbo ni yóò ti kà mí?

Oṣù kẹsàn-án ni Zubair kọsẹ̀.
Koríko ṣí bí etí fìlà abetí-ajá,
òkúta mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀,
òrùka márùn-ún, mímọ́ bí ẹni pé
olóolà ṣẹ̀ṣẹ̀ nu abẹ rẹ̀ ni.
Kò sí nínú ìwé. Kò sí nínú àwòrán ilẹ̀.
A dákẹ́. Àwọn ìbejì Thackray ló sọ̀rọ̀:
ọ̀kan ní, "Wò ó,"
èkejì ní, "Mo rí i."

A yà á ní fọ́tò, a wọ̀n ọ́n, a fún un ní nọ́ńbà.
Winifred wá ní ká dá koríko padà.
Zubair bínú: ṣé a óò rí i tán, ká tún sin ín?
Ọ̀rọ̀ pọ̀ níbẹ̀, òjò sì bẹ̀rẹ̀.
Obìnrin náà kàn ń fi ọwọ́ tẹ ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀
bí a ti í tẹ aṣọ mọ́ ọmọ tó sùn lára.
"Ilẹ̀ ti ń bá wa tọ́jú rẹ̀ tipẹ́," ló wí.

Lálẹ́, mo wẹ̀ fún Baba Clifford.
Ó bi mí, "Ó ṣì wà?"
Mo ní, ó ṣì wà.
N kò sọ pé ó ti di méjì; a ti búra.
Ṣùgbọ́n mo fi ọṣẹ fa òrùka sí i lẹ́yìn,
ọ̀kan nínú ọ̀kan.
Ó rẹ́rìn-ín, ó ní omi náà tutù.